Kí ọkọ̀ ojú irin Lomé tó dé, ẹ jẹ́ ká pa ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ní Agbonou

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò nílùú Èkó, àwòrán rẹ̀ kò kúrò lórí fóònù àwọn èèyàn wa. Ọkọ̀ náà ń gba orí afárá kọjá lókè ọ̀sà, àwọn èrò jókòó sínú afẹ́fẹ́ tútù, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ sì ń lọ lójú títì nísàlẹ̀ wọn. Ìbéèrè tí a wá ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ní Atakpamé níbí, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ni pé ìgbà wo ni Lomé máa ní tirẹ̀? Àwọn míì tilẹ̀ ń fẹ́ èyí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní mẹ́trò ní Paris.

Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó ṣáájú rẹ̀, ó sì kan àwa tí a wà ní Agbonou, Atakpamé, Anié àti àwọn abúlé tó yí wọn ká ju àwọn ará Lomé lọ. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin máa gbà, ta ló ń ṣọ́ ọ báyìí?

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kúrò ńlẹ̀ ná, nítorí ó ti wọ àwọn èèyàn lójú jù. Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ ṣe é láyé, ní oṣù kìíní ọdún 1863. Ẹ̀rọ tó ń jó èédú ló ń fa ọkọ̀ náà nígbà yẹn, èéfín a sì kún inú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Káírò ní Íjíbítì ló kọ́kọ́ ní in, ní ọdún 1987. Algiers ní Àlùjéríà sì tẹ̀ lé e ní 2011. Orílẹ̀-èdè tó wá sọ ọ́ di nǹkan tí gbogbo ìlú ńlá ń ní ni Ṣáínà. Ọdún 1969 ni Beijing bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ọdún 2000 wọlé, ìlú tó ní in kò tíì ju Beijing, Tianjin, Shanghai àti Guangzhou lọ lórí ilẹ̀ Ṣáínà gangan. Lónìí, wọ́n ti lé ní 40. Owó wà, èèyàn wà, ìjọba sì tẹra mọ́ ọn láìdáwọ́ dúró.

Tógò kì í ṣe Ṣáínà. Gbogbo àwa ọmọ Tógò lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 8, àwọn tó ń gbé Lomé àti agbègbè rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2. Orí iyanrìn ni Lomé wà. Òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà sì wà láàárín rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá wọn gbẹ́ kànga létí òkun níbẹ̀ mọ̀ pé omi kò jìnnà rárá. Kò sóhun tí ẹ̀rọ ayé òde òní kò lè ṣe, ṣùgbọ́n owó tí yóò gbẹ́ kìlómítà kan lábẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó láti tún ọ̀nà púpọ̀ ṣe lórí ilẹ̀. Kódà àwọn aládùúgbò wa tó lówó jù wá lọ kò gbẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ti Èkó, Àbújá, Dakar àti Abidjan, orí ilẹ̀ tàbí orí afárá ló ń gbà.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fojú sí nìyí. Kì í ṣe bí ọkọ̀ ìlú wọ̀nyẹn ṣe rẹwà. Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé wọn gbà.

Ní Dakar, ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní TER bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, láti àárín ìlú títí dé Diamniadio, kìlómítà 36. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin àtijọ́ tí àwọn Faransé là láti Dakar lọ sí Thiès àti sí Mali ni wọ́n tẹ́ irin tuntun náà sí. Ní Èkó, ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Line, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, ni wọ́n la ọ̀nà tuntun fún. Ṣùgbọ́n Red Line, tí Ààrẹ Tinubu ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, tó ti Agbado lọ sí Oyingbo, ilẹ̀ rélùwéè àtijọ́ ni wọ́n gbé e gbà. Ní Abidjan, ọ̀nà kìlómítà 37 tí yóò so Anyama àti Port-Bouët pọ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú irin tó ń lọ sí Ouagadougou ni wọ́n fi í sí. Káírò pàápàá, tí gbogbo ayé ń pè ní ti abẹ́ ilẹ̀, ojú irin àtijọ́ méjì tó ti wà tẹ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ihò tí wọ́n gbẹ́ láàárín ìlú kàn so méjèèjì pọ̀ ni.

Ìdí rẹ̀ kò le. Nínú ìlú tó ti kún, ohun tó ṣòro jù kì í ṣe irin, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ. Àwọn yẹn ṣeé rà. Ohun tó ṣòro ni ilẹ̀ tóóró kan tó gùn gbọọrọ láti ìpẹ̀kun ìlú dé ìpẹ̀kun kejì, tí ilé kò sí lórí rẹ̀, tí ẹnìkan ṣoṣo sì ni olówó rẹ̀. Ẹni tó bá ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti rí ìdajì iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí kò bá ní in, yóò rà á lọ́wọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, yóò wó ilé wọn, wọn yóò gbé e lọ sí kóòtù, ọdún yóò sì máa gorí ọdún.

Ẹ wo Èkó. Lateef Jakande, tó jẹ́ gómìnà níbẹ̀ láti 1979 sí 1983, ti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìlú kí ó tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, ìjọba Buhari fagi lé e ní 1985. Owó tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là ló bá a lọ, ẹyọ ọkọ̀ kan kò sì dé. Láti 1983 tí ìwé ti jáde sí 2023 tí èrò àkọ́kọ́ wọlé, ogójì ọdún ni. Láàárín ogójì ọdún yẹn, Èkó kò jókòó de ìjọba. Ilé ń yọ, ṣọ́ọ̀bù ń yọ, àwọn ọjà ń fẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n ní láti san owó gbà-máà-bínú fún àwọn onílé àti onísọ́ọ̀bù kí wọ́n tó lè gbé òpó kan nàró.

Abidjan tún jẹ́ ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ wa jù. Oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni Ààrẹ Macron ilẹ̀ Faransé wá bá Ààrẹ Ouattara fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ọdún 2024 parí, ọkọ̀ náà kò tíì gbé èrò kan. Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tó wà lórí ilẹ̀ ojú irin náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ àti àwọn tó ń tajà níbẹ̀, tí wọ́n ní láti kà, kí wọ́n sanwó fún, kí wọ́n sì wá ibòmíì fún. Èyí tó pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀daràn. Wọ́n bá ilẹ̀ tó ṣófo, wọ́n dáko sí i, wọ́n ta tòmátì lórí rẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn nígbà náà pé nǹkan kan ń bọ̀.

Ó tó àsìkò ká padà wálé.

Agbonou tí gbogbo wa ń kọjá lórí ọ̀nà Nationale 1 yìí, ojú irin ló sọ ọ́ di ohun tó dà. Àwọn ará Jámánì ló la ojú irin mẹ́ta láti Lomé. Èyí tó lọ sí Aného parí ní 1905, èyí tó lọ sí Kpalimé parí ní 1907, èyí tó wá sọ́dọ̀ wa sì dé Agbonou ní 1911. Orúkọ tí wọ́n fún wọn fi ohun tí wọ́n ń wá hàn: ti Aného ni ọ̀nà àgbọn, ti Kpalimé ni ọ̀nà kòkó, tiwa ni ọ̀nà òwú. Òwú ilẹ̀ wa ni wọ́n fẹ́ kó. Àwọn bàbá ńlá wa ló gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ru òkúta, tí wọ́n gbé irin, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ṣe é tìfẹ́tìfẹ́. Iṣẹ́ àfipáṣe ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé ojú irin yìí jẹ́ ti àwọn òyìnbó, kó rántí ọwọ́ ẹni tó tẹ́ ẹ.

Ojú irin yìí kan náà ni wọ́n fi kó ohun èlò wá fún ilé iṣẹ́ rédíò ńlá tí àwọn ará Jámánì kọ́ sí Kamina, nítòsí Atakpamé níbí, tó ń bá Jámánì sọ̀rọ̀ tààrà láti ilẹ̀ wa. Nígbà tí ogun dé ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ojú irin náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tẹ̀ lé bọ̀ láti Lomé. Wọ́n jà ní Agbélouvé, wọ́n sì tún jà níbi afárá odò Chra. Kí wọ́n tó dé Kamina, àwọn ará Jámánì ti fọwọ́ ara wọn wó ilé rédíò náà. Ibi tí ojú irin bá gbà, ibẹ̀ náà ni àwọn alágbára máa ń fẹ́ gbà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí kò kéré láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn Faransé gba ilẹ̀ náà, wọ́n fa ojú irin lọ síwájú láti Agbonou, ó gba Anié kọjá, ó sì dé Blitta ní 1934. Gbogbo rẹ̀ láti Lomé dé Blitta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 280. Èyí la ń lò títí di àwọn ọdún 1990 tí ọkọ̀ èrò fi dáwọ́ dúró.

Àwọn ìyá wa tó ti dàgbà kò nílò kí a sọ ìtàn yẹn fún wọn. Wọ́n mọ bí ọjà ṣe máa ń kún yí ibùdókọ̀ ká lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, bí wọ́n ṣe ń to iṣu àti àgbàdo sínú rẹ̀, bí ẹni tó ń ta ẹ̀wà gbígbóná ṣe ń sáré lẹ́bàá fèrèsé kí ọkọ̀ tó ṣí. Ọkọ̀ náà kò yára. Ó máa ń pẹ́. Àwọn tó gùn ún máa ń ráhùn nípa rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àpò àgbàdo márùn-ún péré lè bá a lọ sí Lomé, kó tà á fúnra rẹ̀, kó sì mọ iye tí Lomé ń rà á.

Lónìí, ẹni tó ní àpò márùn-ún kò lè dá kàmíọ̀n kan háyà. Ó ń dúró de ẹni tó ní kàmíọ̀n ni. Ẹni yẹn ló ń sọ iye tí òun máa san, nítorí òun náà ń ro epo, ó ń ro táyà, ó ń ro ohun tó máa ná lójú ọ̀nà. Nǹkan bíi kìlómítà 160 ni láti Atakpamé dé Lomé. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn kàmíọ̀n ńláńlá tó ń kó ẹrù láti èbúté Lomé lọ sí Burkina Faso àti Niger ń gbà, tọ̀sán tòru. Àwọn tasí wa, àwọn sẹ́mìjàn wa, àwọn ọmọ wa tó ń lọ sílé ìwé, gbogbo wọn ló ń bá wọn pín in. Kò sí ìdílé kan ní agbègbè yìí tí kò mọ ẹnìkan tí ọ̀nà yẹn ti mú lọ.

Irin lórí irin kì í jẹ epo bíi táyà lórí ọ̀dà. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ń yọ̀ lọ lórí irin ni. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo a sì fa ẹrù tí kàmíọ̀n mélòó kan kò lè gbé tán. Ìdí nìyẹn tí ẹrù tó wúwo tí kì í tètè bàjẹ́, bíi àgbàdo, òwú, sìmẹ́ǹtì àti ajílẹ̀, fi jẹ́ ti ọkọ̀ ojú irin ní gbogbo ayé. Iṣu náà lè bá a lọ, bí ọkọ̀ bá ń ṣí lásìkò. Tòmátì kò ní dúró dè é, kàmíọ̀n ni yóò máa gbé tòmátì, a kò ní tan ara wa.

Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ lọ́la pé Lomé fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin ìlú, a mọ ibi tí wọn yóò wò. Wọn yóò wo ojú irin àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí Dakar ti wò ó, tí Abidjan wò ó, tí Èkó wò ó. Ìlú Lomé ti ń gùn lọ sí àríwá. Ilé ti yọ ní Agoè, ó ti kọjá Agoè. Ibùdó iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ṣí ní Adétikopé ní 2021 wà lọ́nà Tsévié. Ọkọ̀ tí yóò máa kó òṣìṣẹ́ láàárọ̀ láti Tsévié sí Adétikopé sí àárín Lomé, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni. A kò ní sọ pé kí wọ́n má ṣe é.

Ohun tí a ń bẹ̀rù ni pé kí wọ́n ṣe é kó sì parí síbẹ̀. Bí ọkọ̀ ìlú bá gba ojú irin náà ní Lomé, tí ilé àti ọjà sì ti bò ó mọ́lẹ̀ láti Notsé wá sí Agbonou, a ti gé wa kúrò nìyẹn. Àwọn ará Lomé yóò máa wọ ọkọ̀ tútù lọ síbi iṣẹ́, iṣu wa yóò sì tún wà lẹ́yìn kàmíọ̀n.

Ẹni tó bá rìn lẹ́bàá ojú irin wa yóò rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Koríko ti bo ibì kan. Níbòmíì, wọ́n ti ń gbin nǹkan sí i. Níbi tí ó bá sún mọ́ ọjà, a máa ń rí pèpéle ọjà lórí ibi tó yẹ kí ọkọ̀ gbà. Irin tí kò bá sẹ́ni tó ń lò ó, ojú àwọn tó ń ra irin àlòkù wà lára rẹ̀. Àbújá ti rí èyí. Wọ́n ṣí ọkọ̀ ìlú tiwọn ní 2018, ó dúró ní 2020 nígbà àrùn Kòrónà. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé ìdí rẹ̀, àwọn olè ti hú irin, wọ́n ti gé wáyà lọ. Oṣù karùn-ún ọdún 2024 kí ó tó tún gbéra. Ọkọ̀ tuntun ni ìyẹn o, ní olú ìlú, ọdún mélòó kan péré ló sì fi dúró. Tiwa ti dúró fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Àwọn kan yóò sọ pé irin àtijọ́ yìí tóóró jù, pé ó ti gbó, pé ayé ti kọjá rẹ̀. Lóòótọ́ ló tóóró. Mítà kan péré ló wà láàárín irin méjèèjì. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ gan-an ni ojú irin tó ti Abidjan lọ sí Ouagadougou, tí ó lé ní kìlómítà 1,000, tó sì ń kó ẹrù. Bí wọ́n bá sì pinnu láti tẹ́ irin tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí wọ́n ti ṣe ní Dakar, ilẹ̀ náà ni wọn yóò tẹ́ ẹ sí. Irin lè gbó. Ilẹ̀ kì í gbó. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ilẹ̀ ló ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe irin.

Àwọn míì yóò sọ pé kò sí owó. A gbà. Ìyẹn gan-an ló fi yẹ ká tètè ṣe èyí tí kò ná owó púpọ̀. Kí wọ́n ri òkúta ààlà mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú irin, kí wọ́n fi ọ̀dà kùn ún kí gbogbo èèyàn lè rí i, kí wọ́n sì ya àwòrán ilẹ̀ náà kí wọ́n gbé e kọ́ sí ilé mẹ́ẹ̀rì, ìyẹn kò tó owó afárá kan ṣoṣo. Láti ọdún 2019 tí a ti ń dìbò yan àwọn ìgbìmọ̀ kọmúùnù, a ní àwọn tí a lè lọ bá. Iṣẹ́ ojú irin jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí mẹ́ẹ̀rì má bi wọ́n léèrè, kò sì sí èyí tó ní kí ó máa fọwọ́ sí ìwé ilé lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ibi tó nira jù nínú ọ̀rọ̀ yìí la dé yìí, a kò sì ní fò ó. Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ojú irin, èèyàn wa ni wọ́n. Ìyá tó ń ta gàárì lórí irin kò dá ọ̀ràn kankan. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń gbà. Bí ìjọba bá jí lọ́jọ́ kan tó gbé katakata wá lówùúrọ̀ kùtùkùtù, àwa la máa kọ́kọ́ kọ ọ́ sójú ewé yìí pé ìwà ìkà ni. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí wọ́n ka àwọn èèyàn náà nísinsìnyí tí wọn kò tíì pọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n fún wọn ní ibòmíì nínú ọjà kan náà, kì í ṣe nínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wá rajà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíì tún wọlé. Kíka èèyàn ọgbọ̀n lónìí rọrùn ju kíka ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lẹ́yìn ogún ọdún.

Àwọn tó yẹ ká bá wí ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ náà. A gbọ́ pé ilẹ̀ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní àwọn ibì kan, pé àwọn kan ń sọ fún àwọn àlejò pé rélùwéè ti kú, kò ní padà mọ́. Ilẹ̀ ojú irin jẹ́ ilẹ̀ ìlú. Òfin ilẹ̀ tí Tógò ṣe ní ọdún 2018 kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti ta ilẹ̀ ìlú, ìbáà jẹ́ onílẹ̀, ìbáà jẹ́ ìdílé, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń fi orúkọ ọba gbowó. Ìwé tí wọ́n bá fi ta á fún ọ, bó ti wù kí òǹtẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, kò ní bá ọ dá a dúró. Ẹni tó ta á yóò sì ti ná owó náà tán.

A bẹ àwọn ọba wa àti àwọn baálẹ̀ ní gbogbo abúlé tí ojú irin gbà kọjá pé kí wọ́n má fọwọ́ sí irú títà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó mọ ibi tí ààlà wà nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn ṣì wà láàyè ní ọ̀pọ̀ ibi. Kí wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ rin ibẹ̀, kí wọ́n sì fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Bí wọ́n bá ti lọ tán, ìwé nìkan la máa kù sí, a sì mọ bí ìwé ṣe máa ń sọnù nílẹ̀ yìí.

Fún àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò, pàápàá àwọn tó ń kó iṣu, àgbàdo àti ẹ̀wà lọ sí Lomé, ẹ̀bẹ̀ mìíràn ni tiwa. Nígbàkigbà tí ìjọba bá pe ìpàdé lórí ọkọ̀ ìlú Lomé, ẹ má jókòó sílé pé kò kàn yín. Ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ mú lọ: ṣé ọkọ̀ ẹrù yóò máa gba ojú irin náà lóru nígbà tí ọkọ̀ èrò bá ti sinmi? Ṣé ilẹ̀ láti Tsévié dé Agbonou yóò wà lábẹ́ ìṣọ́ títí tí owó yóò fi wà láti tẹ́ irin tuntun sí i? Bí ìdáhùn sí èkejì bá jẹ́ rárá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó dáhùn náà sílẹ̀.

Ẹni tó bá sì ń múra láti ra ilẹ̀ ní Agbonou, ní Anié tàbí níbikíbi tí ojú irin gbà kọjá lọ́dún yìí, kí ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà pẹ̀lú àgbà kan tó mọ àdúgbò. Kí ó wá ibi tí irin wà, kódà bí koríko bá ti bò ó. Kí ó lọ sí ilé mẹ́ẹ̀rì, kó sì béèrè bóyá ilẹ̀ náà wà nínú ti rélùwéè, kí ó tó ka ẹyọ sefa kan sílẹ̀.